Kí ẹ tó san owó ilé ní Àbújá, ẹ ka oríta àdúgbò náà

Láti kíṣíìnì mi ní Lugbe ni mo ti ń gbọ́ agogo ilé ìwé ọmọ mi ketekete. Ògiri ẹ́sítéètì nìkan ló là wá láàárín. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ rìn dé géètì, ká bọ́ sí títì tí mọ́tò ti ń sáré, ká tún ṣẹ́rí wọlé: ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n gbáko. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ilé nínú ìjọ wa, èmi ni mò ń bá a lọ wò ó.

Ẹ dúró níwájú ilé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo àyíká. Oríta mẹ́rin, ẹ kọ 4 sínú fóònù. Oríta mẹ́ta, 3. Ibi tí ọ̀nà kò já, 1. Ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ fi iye ibi tí ẹ kà pín in. Tiwa kò ní oríta mẹ́rin kankan. Oríta mẹ́ta jẹ́ 6, ibi tí kò já jẹ́ 7: 25 tí a fi 13 pín, kò tó 2. Àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ rí bí igi nìyẹn. Ẹ̀ka kan ò kan èkejì, ìdí kan náà ni gbogbo wọn ń padà sí. Èyí tó bá ti lé ní 3, ọ̀nà ibẹ̀ já síra wọn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àárín ìlú, bíi Wuse àti Garki, wà nínú àwòrán ètò ìlú kan ṣoṣo tí wọ́n parí ní 1979. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ lọ sọ́nà pápákọ̀ òfurufú, oníkálukú gba ilẹ̀, ó mọ ògiri yí i ká, ó la ọ̀nà kan sí títì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀nà kan náà ló wọ̀ ọ́. Ilé ṣeé wó tún kọ́, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n bá ti là, ó di kí ọmọ-ọmọ máa tọ̀ ọ́.

Ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń ti géètì lálẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ògiri. Ibi tí wọ́n bá ti yọ búlọ́ọ̀kù, tí ẹsẹ̀ ti mú ilẹ̀ dán, ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀nà wà. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí tiwa. Ìyá Hausa tó ń gbé wáínà, àkàrà ìrẹsì, wá láàárọ̀ kò yà mọ́. Ẹ bi ẹgbẹ́ onílé bóyá wọ́n á gba ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀. Tiwa ti gbà, a ń dá owó irin rẹ̀ lọ́wọ́.