Mọ́tò ń gbọ̀n, ó ń mu ẹ́sáǹsì bí omi: ṣé débímẹ́tà ni àbí nǹkan míì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, Toyota Avensis 1.8 ni mò ń wà, ẹlẹ́sáǹsì, ti ọdún 2005. Látìgbà tí ọyẹ́ ti mú ló ti ń dà mí láàmú, tí mo bá dúró níbì kan ẹ̀ńjìnnì á máa gbọ̀n, nígbà míì á kú pátápátá, tí mo bá wá tẹ pédà á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó lọ. Ẹ́sáǹsì tó ń mu náà ti pọ̀ jù. Iná ẹ̀ńjìnnì ti tàn ní dáṣíbọọ̀dù, ẹni tó fi ẹ̀rọ wò ó ní kóòdù P0101 ló gbé jáde, ó ní kí n lọ ra débímẹ́tà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ̀ńjìnnì. Owó ẹ̀ kò kéré. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè ṣe fúnra mi nílé?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì na owó yẹn o. P0101 ò sọ pé débímẹ́tà ti kú, ohun tó ń sọ ni pé iye afẹ́fẹ́ tó ń kà ò bá ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń retí mu. Ó lè jẹ́ pé ó dọ̀tí, ó lè jẹ́ pé rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ẹ̀ńjìnnì ti là, fílítà sì lè ti dí. Àwa níbí, nǹkan tí kóòdù bá ti dárúkọ la máa ń dá lẹ́bi lójú ẹsẹ̀, a ò ní pe ẹlẹ́rìí kankan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú ẹ̀ tí iná ń mú gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á máa mú un tutù, kọ̀ǹpútà á wo iye iná tó ń gbà kó lè máa gbóná nìṣó, ibẹ̀ ló ti ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé kó tó tú ẹ́sáǹsì sí i. Tí erùpẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ wáyà yẹn, irọ́ ló máa máa pa fún kọ̀ǹpútà. Ìwọ tó wà ní Kétu, tó o bá ń gba ọ̀nà eléruku lásìkò ọyẹ́, tí fílítà ẹ ò sì jókòó dáadáa nínú àpótí ẹ̀, o ò nílò kí n sọ ibi tí erùpẹ̀ pupa yẹn ń lọ.

Pa ẹ̀ńjìnnì, jẹ́ kó tutù. Débímẹ́tà wà lára páìpù tó jáde látinú àpótí fílítà, wàá rí pílọ́ọ̀gì oníwáyà márùn-ún lórí ẹ̀. Tẹ ètè pílọ́ọ̀gì kó o tó fà á, má fa wáyà o. Súkúrú méjì ló dè é mọ́lẹ̀, sukudíráfà ojú àgbélébùú lo máa fi tú u. Fà á sókè jẹ́ẹ́, kó o sì mójú tó rọ́bà róbótó tó wà nídìí ẹ̀ kó má sọnù.

Ìbéèrè: Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? Mẹkaníìkì kan ní kí n fi ẹ́sáǹsì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Áà, búrọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan tó máa fara kan wáyà yẹn, ìka ò gbọ́dọ̀ kàn án, aṣọ ò gbọ́dọ̀ kàn án, òwú tí wọ́n fi ń ro etí gan-an lè já a. Ẹ́sáǹsì náà rárá, sípúréè tí wọ́n fi ń fọ búréèkì rárá, èyí tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ rárá, wọ́n lè ba ike ẹ̀ jẹ́ tàbí kí wọ́n fi ọ̀rá sílẹ̀ lára wáyà. Sípúréè tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, wọ́n á kọ débitmètre sára agolo ẹ̀, tó ò bá rí i ní Kétu ránṣẹ́ sí Kútọnu. Fọ́n ọn sí wáyà náà dáadáa láti ibi tó jìnnà díẹ̀, yí i, tún fọ́n ọn. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, má sì fi kọ̀ǹpúrésọ̀ fẹ́ ẹ. Gbé e kalẹ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀ títí tí kò fi ní rùn mọ́, kó o tó dá a padà.

Kó o tó dé e, yọ fílítà síta. Tó o bá gbọ̀n ọ́n tí erùpẹ̀ sì ń dà bí ìyẹ̀fun, ra òmíì. Nu inú àpótí náà pẹ̀lú aṣọ.

Ìbéèrè: Mo ti fọ̀ ọ́. Ó sàn díẹ̀ àmọ́ ó ṣì ń gbọ̀n.

Ìdáhùn: Ó dáa. Wo rọ́bà ńlá tó wà láàárín débímẹ́tà àti ẹ̀ńjìnnì. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣí àwọn ibi tó ká jọ yẹn wò, abẹ́ ibẹ̀ ló máa ń là sí níbi tí ojú kò tó. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, débímẹ́tà ò rí i, kò sì lè kà á, kódà kó jẹ́ tuntun láti ilé iṣẹ́ Denso tó ń ṣe é. Tó bá là, rọ́bà lo máa ra, kì í ṣe débímẹ́tà.

Tí rọ́bà bá dáa, pa mọ́tò, yọ pílọ́ọ̀gì débímẹ́tà, kó o wá sítáàtì ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á máa fi ìṣirò tiẹ̀ ṣiṣẹ́. Kóòdù míì á jáde, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Tí mọ́tò bá wá ń lọ dáadáa ju ìgbà tí pílọ́ọ̀gì wà níbẹ̀ lọ, a jẹ́ pé débímẹ́tà ni ọ̀daràn lóòótọ́. Tó o bá rí ẹni tó ní ELM327, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, kó bá ẹ wo iye tó ń kà: fún ẹ̀ńjìnnì 1.8 tó ti gbóná, tí kò rìn, tí klímà (ẹ̀rọ tó ń mú inú mọ́tò tutù) sì wà ní pípa, gíráàmù 2 sí 4 ní sẹ́kọ́ńdì kan ló yẹ kó wà. Tó bá jìnnà sí i gan-an, lọ rà á.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ara ẹ̀ ni kó o wò, ti Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22204. Ya fọ́tò ẹ̀, má fi ojú díwọ̀n, torí méjì lè jọra kí ìṣirò wọn má bára mu. Lójú tèmi, ojúlówó tí wọ́n yọ lára mọ́tò tó ti òkè òkun dé sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ lọ, tó bá ṣáà jẹ́ pé ẹni tó ń tà á gbà kó o dán an wò. Àmì ọfà wà lára ẹ̀, ẹ̀ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Má de súkúrú pa, ike ni. Tú orí bátìrì tó jẹ́ mínọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí kóòdù lè lọ, àmọ́ tí rédíò ẹ bá ní kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí i, wá a kó o tó tú u.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, èmi Àjàṣẹ́ ni mo wà. Tèmi ò gbọ̀n o, ó kàn máa ń kú tó bá ti gbóná, á kọ̀ láti sítáàtì títí á fi tutù. Wọ́n ní kpayo, ẹ́sáǹsì ẹ̀bá ọ̀nà tí mò ń rà, ló fà á, pé kí n fọ débímẹ́tà.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, débímẹ́tà ò mọ̀ nípa kpayo, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá. Kpayo tí omi wà nínú ẹ̀ ò ní dúró kí ẹ̀ńjìnnì gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Sẹ́nsọ̀ tó ń ka yíyí kíráǹkì (irin ńlá tó ń yí nínú ẹ̀ńjìnnì) ni kẹ́ ẹ fura sí, ooru ló máa ń pa á, kóòdù P0335 sì máa ń jáde, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́ tó bá tún kú, bí ẹ ṣe ń sítáàtì ẹ̀ ẹ máa wo abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ̀ńjìnnì ní dáṣíbọọ̀dù. Tí ò bá mira rárá nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń yí, sẹ́nsọ̀ yẹn tàbí wáyà ẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bóòtù kan ṣoṣo ló dè é, sípánà 10 ló ń tú u, àmọ́ abẹ́ mọ́tò lẹ máa gbà dé ibẹ̀, ẹ má sì fi jáàkì nìkan gbé e o, ẹ gbé e lé orí ẹsẹ̀ irin kẹ́ ẹ tó wọlé.