Bí a ṣe gbá etí oko obì wa nínú ọyẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú òtútù. Sátidé tó kọjá lọ yìí ni èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti bàámi lọ gbá etí oko obì wa kí iná ọyẹ́ má bàa ráyè wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni àmọ́ mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ látòkè délẹ̀, torí àwọn tó ní oko obì àti kòkó lọ́dọ̀ wa pọ̀ tí wọ́n á ní àwọn á ṣe é tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá tí iná fi jó igi obì 11 mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn Ìpẹru ní Rẹ́mọ, ìpínlẹ̀ Ògùn, loko náà wà, téèyàn bá ń lọ sápá Ògèrè, éékà méjì ni, obì gbànja ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá tó bí bàámi ló gbìn ín. Obì tẹ́ ẹ bá fi hóró rẹ̀ gbìn lónìí, ẹ máa dúró dè é tó bí ọdún méje kó tó bẹ̀rẹ̀ sí so, ẹ ṣírò ohun tí iná fi wákàtí kan bà jẹ́ wò. Kì í kúkú ṣe oko wa ni iná ọ̀hún ti ṣẹ́, ẹnì kan ló dáná sungbó lódìkejì, bóyá ọ̀yà ló ń wá bóyá oko ló fẹ́ dá, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Kò jó fòfò o, ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ńṣe ló ń rá lábẹ́ ewé gbígbẹ tó jábọ́ sílẹ̀, ó ń jó ìdí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn igi yẹn ṣì dúró, a tiẹ̀ rò pé wọ́n ti yè é, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ewé wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ látòkè wá. Mi ò rí ẹkún bàámi rí, àfi lọ́dún yẹn.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la kúrò nílé. Màámi ò jẹ́ ká jáde àfìgbà tí wọ́n fi òrí pa wá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ débi ètè, torí ètè mi ti bó láti bí ọjọ́ mẹ́ta, bí mo bá la ẹnu jù báyìí ẹ̀jẹ̀ á yọ. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà débi pé ọ̀kadà tó gbé wa tan iná, síbẹ̀ ẹ ò lè rí ẹni tó ń bọ̀ àfi tó bá ti dé iwájú yín, ọwọ́ mi ti kú tipiri ká tó dé oko.

Oko wa kò nílò ká gbá a yí ká. Ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí ọ̀nà mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sódò, ó wá ku méjì, mo sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí ìgbésẹ̀ 120. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, apá ibẹ̀ náà sì ni iná gbà wọlé lọ́dún tó kọjá, torí náà ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà lára. Kí àdá tó kan koríko rárá, a kọ́kọ́ pọn omi kẹ́ẹ̀gì méjì látinú odò, a gbé wọn sí igun oko. Bàámi gé ọ̀pá kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, wọ́n ní ohun tí a máa fi wọn fífẹ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn títí dé òpin, ibi tí eèsún bá ti ga ká fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná eèsún máa ń na ọrùn.

Akíntọ́lá ló fún wa níṣẹ́ jù. Ẹ mọ ewé Akíntọ́lá, èyí tí a máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ tí àdá bá ṣánni, nígbà òjò tútù ló máa ń wà, àmọ́ nínú ọyẹ́ gbogbo igi rẹ̀ á gbẹ bí igi ìṣáná, òdòdó rẹ̀ á di òwú funfun, ẹ fi àdá kàn án báyìí gbogbo òwú yẹn á bú sí yín lójú sí yín nímú. Mo sín títí àyà ń dùn mí. Àdá wá ṣá mi ní ìka kékeré, mo wo ọ̀tún mo wo òsì, Akíntọ́lá tó yí mi ká lọ bí ilẹ̀ bí ẹní kò sí ọ̀kan tó ní omi nínú, aṣọ ni mo fi dì í.

Ọ̀pẹ méjì wà lójú ibi tí a ń gbá, imọ̀ gbígbẹ rọ̀ mọ́ wọn lára títí fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fo irú ẹ̀. Àbúrò mi gé gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó, torí iná tó bá rí imọ̀ gbígbẹ ti rí àkàbà nìyẹn, tó bá wá dórí ọ̀pẹ ẹ̀ta iná á máa fò, á sọdá ibi yòówù kẹ́ ẹ gbá.

Lẹ́yìn tí a ṣán an tán, a fi réèkì wọ́ pàǹtí rẹ̀ jọ, a wá fi ọkọ́ fá ilẹ̀ títí a fi rí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, wọ́n á ṣán an, wọ́n á lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣán lélẹ̀ yẹn gan-an ni iná ń wá. Ilẹ̀ ti le bíi síméǹtì, ọkọ́ ń ta padà sí wa lọ́wọ́. A ò wà á jìn o, ojú ilẹ̀ lásán la fá, torí gbòǹgbò obì kò jìnnà sókè.

Nígbà tí mo dúró sinmi, mo fi àtàǹpàkò nu ewé obì kan tó wà níwájú mi. Àtàǹpàkò mi funfun bíi pé mo tọwọ́ bọ ẹfun, ojú ibi tí mo nù sì ń dán, tútù yọ̀yọ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni eruku yìí ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ibì kan ní Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ látayé àtijọ́ ni. Mo wo ìka mi títí. Ilẹ̀ odò tó gbẹ lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ló wá bà lé obì wa ní Rẹ́mọ.

Nígbà tó fi máa di aago kan, òtútù ti lọ, oòrùn ti mú, súwẹ́tà méjèèjì ti wà lórí igi. A jẹ ebìrìpò tí màámi dì fún wa, ó ti tutù àmọ́ ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ju ti ilé lọ. Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí fi yà kí wa, ó rí òkìtì pàǹtí tí a kó jọ, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣáná sí i jàre, ẹ̀yin mẹ́ta ṣáà wà níbẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ." Kí n má parọ́, ó wọ̀ mí létí, torí ẹ̀yìn ń ro mí, òkìtì yẹn sì tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàámi dá a lóhùn pé, "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọmọ mi. Gbogbo igbó tó o rí yìí, òrùlé ni."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi tapólì wọ́ ọ lọ sétí odò nìyẹn, níbi tí ilẹ̀ ti rin, àlọ àtàbọ̀. Mi ò tíì lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ tí afẹ́fẹ́ kan fi dé, ó gbé ewé gbígbẹ sókè bí ìjì kékeré, ó da gbogbo rẹ̀ sínú oko láàárín àwọn obì. Mo gbójú sókè, bàámi ń wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Mo ká tapólì mi mo ń bá a lọ.

Aago mẹ́fà kọjá ká tó parí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gìgísẹ̀ àbúrò mi ti sán, ó ń tiro bọ̀ wálé, màámi gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un, wọ́n tún mú òrí wá.

Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn mo padà lọ wò ó. Ojú ibi tí a gbá pupa lọ gbọọrọ láti igun dé igun, ṣùgbọ́n ewé ti tún bẹ̀rẹ̀ sí já sórí rẹ̀, ó tó bíi tí èèyàn lè kún apẹ̀rẹ̀ méjì, torí ewé ò ní yé já títí ọyẹ́ á fi lọ. Mo bọ́ agbádá mi kọ́ sórí igi, mo mú ìgbálẹ̀. Àbúrò mi ti ní òun á máa gbá a ní gbogbo Sátidé, èmi á máa gba ti àárín ọ̀sẹ̀, títí òjò àkọ́kọ́ á fi rọ̀.