Owó ìdènà oògùn olóró: ẹ yé ná an sórí ariwo ọjọ́ kan

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró láàrin ọ̀dọ́. Mo ti tọrọ owó rí, mo sì ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń pín in. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ tuntun ń yọjú, lọ́dọọdún náà ni wọ́n ń já sí kòtò tí àwọn tó ṣáájú wọn já sí. Ó ń dùn mí, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló ń jìyà rẹ̀. Bí ohùn mi bá le jù, ẹ fara dà á fún mi.

Èkínní, ẹ má ná kọ́bọ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ àdúgbò yín. Ẹ fún wọn ní ìwé ìbéèrè tí wọn ò ní kọ orúkọ sí: kí ni wọ́n ń lò, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ta ni wọ́n ti rí i, ibo ni wọ́n ti ń lò ó? Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó fi owó odindi ọdún kan gbógun ti kokéènì. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn ọmọ léèrè, ọtí ni wọ́n ń mu, àti oògùn ikọ́ tí wọ́n ń jí mú nínú ilé àwọn òbí wọn.

Èkejì, ẹ má da owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ tiyín. Akàǹtì ọ̀tọ̀, ìbuwọ́lù ẹni méjì, ó tán.

Ìkẹta ni ariwo ọjọ́ kan, òun gan-an ló gbé mi dé ìdí kíkọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún kan, àwọn tó fún ẹgbẹ́ kan lówó ní kí n bá àwọn lọ wo bí wọ́n ṣe ná an. Wọ́n ti ṣe ìwọ́de ńlá. Wọ́n kó fọ́tò jáde: bánà, àwọn àlejò pàtàkì lórí àga, àwọn ọmọ tó wọ aṣọ kan náà. Nínú yàrá ẹrù, páálí tíṣáàtì mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tú. Mo ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀. Orúkọ ọmọ 300 ló wà níbẹ̀, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Mo ní, “Nínú àwọn ọmọ yìí, ta lẹ tún fojú kàn lẹ́yìn ọjọ́ náà?” Akọ̀wé wo alága, alága wo ilẹ̀.

Ẹgbẹ́ yẹn kan náà ní ọmọbìnrin kan tó ń jókòó ti àwọn ọmọ ní gbogbo ọ̀sán tí wọ́n bá ti iléèwé dé. Ó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó ń ṣètò bọ́ọ̀lù fún wọn, òun ni wọ́n sì ń sọ ohun tí wọn ò lè sọ nílé fún. Ó bẹ̀bẹ̀ fún owó ọkọ̀ lásán. Wọ́n ní kò sí nínú ètò ìnáwó. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Kò pẹ́ tó fi ríṣẹ́ síbòmíràn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Owó tíṣáàtì yẹn ì bá gbé e fún ọdún méjì.

Orílẹ̀-èdè Iceland gba ọ̀nà tó yàtọ̀ sí èyí. Ní 1998, nínú 100 ọmọ ọdún 15 sí 16 níbẹ̀, 42 ló ní àwọn mutí yó nínú oṣù tó kọjá. Nígbà tó fi máa di 2016, 5 péré ló kù. Wọ́n ń bi àwọn ọmọ léèrè lemọ́lemọ́, wọ́n ń náwó sórí eré ìdárayá àti orin, wọ́n ní aago tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti wọlé lálẹ́, àwọn òbí sì fọwọ́ sí i. Kò sí èyí tó ṣeé ṣe tán lọ́jọ́ kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má sì fi ẹ̀rù kọ́ ọmọ. Ètò D.A.R.E. tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, ní 1983 ń rán ọlọ́pàá wọ kíláàsì lọ kọ́ ọmọ nípa oògùn. Nígbà tí àwọn oníwàádìí fi àwọn ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ náà wé àwọn tí kò gbà á, wọn ò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì nínú lílo oògùn. Ìlànà tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé jáde ní 2018 náà kìlọ̀ nípa ìdẹ́rùbani, àti nípa mímú ẹni tó ti lo oògùn rí wá ròyìn ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo ti wà níbi tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ti to oríṣiríṣi oògùn sórí tábìlì fún àwọn ọmọ láti wò. Ọmọkùnrin kan na ìka sí ọ̀kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó ní àwọ̀ búlúù yẹn, báwo ló ṣe máa ń ṣe èèyàn?” Títí di òní, ìbéèrè yẹn ò kúrò létí mi.

Ìgbìmọ̀ tí kò ní ọ̀dọ́ kankan nínú: ẹ tú u ká, kí ẹ tún un yàn.

Ẹ̀yin tó ń fúnni lówó náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ ń fúnni lówó oṣù mẹ́fà, ẹ sì ń béèrè pé oògùn dà, ṣé ó ti lọ. Ètò Drug-Free Communities ní Amẹ́ríkà, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1997, lè fún ẹgbẹ́ kan ní tó 125,000 dọ́là lọ́dún fún ọdún márùn-ún, ẹgbẹ́ náà sì tún lè tọrọ ọdún márùn-ún mìíràn. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá lé owó náà, wọ́n sì máa ń ka wákàtí iṣẹ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn mọ́ ìpín yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń pàdánù: iṣẹ́ ti ṣe, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹni tó bá wọlé kọ orúkọ àti aago tó dé, kí ó kọ aago tó ń lọ nígbà tó bá ń jáde, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.