Àṣìṣe tó máa ń ba èrè ètò adarí ọ̀dọ́ jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́

Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di adarí kò wọ́n ní Àbújá. Ibí ni ìjọba àpapọ̀ wà, ibí ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè wà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba fi ṣe olú ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, bí o bá gba iwájú àwọn gbọ̀ngàn ìpàdé ní Maitama tàbí Wuse 2 kọjá, wàá rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé káàdì kọ́rùn, tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú bánà. Lára wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn ń gbé ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya, àti àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé wọn wá.

Inú mi máa ń dùn sí wọn. Ohun tó máa ń ká mi lára ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì mẹ́ta lẹ́yìn náà. Èèyàn méjì á jáde nínú ètò kan náà lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ ọ̀kan á máa gòkè, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ náà á sì máa jàǹfààní rẹ̀. Èkejì á ṣì máa wá fọ́ọ̀mù ètò mìíràn kiri. Nínú àwọn tí mo ti bá ka CV àti ìwé ìbéèrè wọn, mi ò rí i kó jẹ́ pé ọpọlọ ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Ohun tí kálukú ṣe sí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ ni: ẹnì kan padà sídìí rẹ̀, ẹnì kejì fi í sílẹ̀.

Má fi iṣẹ́ tó mú ọ débẹ̀ sílẹ̀

Èyí ló burú jù nínú gbogbo àṣìṣe tí mo mọ̀. Wo bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn. Mandela Washington Fellowship, tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2014 lábẹ́ YALI, ètò rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ adarí ilẹ̀ Áfíríkà, mú 500 ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 25 sí 35 ni wọ́n wá nígbà náà, ìyẹn àwọn tó ti ń ṣe nǹkan gidi níbi tí wọ́n wà. Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ń béèrè ìrírí iṣẹ́ tó tó ọdún méjì kó tó gbéni lọ kàwé gboyè kejì, ó sì ní kí ẹni tó bá jàǹfààní rẹ̀ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì, ó kéré tán. Àwọn tó gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí ọdún kan kò lè sọ ẹnikẹ́ni di adarí. Iṣẹ́ tó ti hù ni wọ́n fẹ́ bomi rin.

Ká ní ọmọbìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ní Dutse Alhaji. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mú un wọ ètò kan. Ó lọ, ó dé, ó kọ “fellow” sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí LinkedIn, ó fẹ́ dá àjọ sílẹ̀, ó ń sáré ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá a ya lógò. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ bá bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́, ìtàn ọdún kẹta sẹ́yìn ló máa sọ. Ṣùgbọ́n bó bá padà sídìí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tó fi ohun tó kọ́ nípa ìṣirò owó àti kíkọ ìwé ìtọrọ owó gba yàrá kan, tó sì wá olùkọ́ kejì kún ara rẹ̀, iṣẹ́ tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá ló máa ní láti tọ́ka sí.

Bí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, má lọ láìjẹ́ pé ìwọ àti ọ̀gá rẹ jọ sọ ọ́ yanjú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tí o máa padà, ẹni tó máa di ipò rẹ mú, àti ohun kan pàtó tí o fẹ́ kọ́ wálé tó máa wúlò fún ilé iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá dé, tọrọ wákàtí kan láti fi ohun yẹn han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Mo ti rí ẹni tí wákàtí kan yẹn sọ di olórí ẹ̀ka, torí ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ mọ̀ pé ó lè dúró níwájú èèyàn kó sọ ọ̀rọ̀ tó yéni.

Má fi orúkọ ètò rọ́pò iṣẹ́ nínú CV

Gbólóhùn tí mo máa ń bá pàdé jù ni irú èyí: “Wọ́n yàn mí láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún gẹ́gẹ́ bí adarí ọ̀dọ́ tó dáńgájíá.” Kò sí ohun tí ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ lè fi í ṣe. Àwọn tó yàn ọ́ ló ń ròyìn, kò ròyìn ìwọ. Fi wé èyí: “Mo ṣètò ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ 22 ní Bwari fún oṣù méje, mo wá olùkọ́ méjì tó yọ̀ǹda ara wọn, mo sì ń kọ àkọsílẹ̀ owó wa lóṣooṣù.” Nínú gbólóhùn kan yìí, a ti mọ̀ pé o lè kó èèyàn jọ, o lè fọkàn sí nǹkan kan fún oṣù méje, owó kì í sì í sọnù lọ́wọ́ rẹ. Orúkọ ètò lè wá tẹ̀ lé e ní ìlà kan.

Àwọn kan wà tí CV wọn jẹ́ kìkì ètò: ti oṣù mẹ́ta, ti ọjọ́ márùn-ún, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bẹẹrẹ. Lójú ẹni tó ń kà á, ó dà bíi pé wọn kò jókòó síbì kan rí. Ètò kan tí o lo ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì sàn ju mẹ́fà tí o sáré kọjá lọ.

Kí n tún sọ èyí kíákíá: ètò tó bá ní kí o sanwó kí o tó gba oyè “ọ̀dọ́ adarí tó tayọ jù lọ́dún yìí”, ọjà ni wọ́n ń tà. Mandela Washington Fellowship àti Chevening kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó bá ń gbowó ìforúkọsílẹ̀ lórúkọ wọn, gbájúẹ̀ ni.

Má wọ abúlé láìbéèrè

Ètò adarí ọ̀dọ́ tó tóbi jù tí a ní ni ti àgùnbánirọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, kí àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga lè gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní ìbùdó. Ti Àbújá wà ní Kubwa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi iṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí gbogbo wa mọ̀ sí CDS. Mo gbà pé ọjọ́ kan yẹn lè kọ́ ọmọ ní ìṣàkóso ju ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ ló kàn ń lọ buwọ́ lu ìwé, tí wọ́n á sì yà sílé.

Àwọn tó fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ìtara wọn ni àṣìṣe yìí máa ń gbà wọlé. Ọmọ tó wá láti Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì dé Kwali tàbí Abaji, ó rí i pé omi kò sí, ó kọ̀wé, ó rówó, ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ọjọ́ ìṣílé dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kun orúkọ sára ògiri rẹ̀. Bí o bá padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì, ọ̀dà orúkọ náà ṣì ń dán. Ọwọ́ pọ́ǹpù ń lọ sókè sódò, omi kò jáde. Rọ́bà kékeré kan tó wà nínú pọ́ǹpù ló ti jẹ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára owó tí wọ́n fi gbẹ́ kànga, àmọ́ kò sẹ́ni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tí sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí àpótí tí àwọn tó ń pọnmi ń sọ owó díẹ̀díẹ̀ sí. Àwọn obìnrin ti padà sí odò pẹ̀lú jálá wọn.

Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti wà l'Ékòó, ó sì fi kànga náà sínú CV rẹ̀. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlú, tí àjọ kan sì rán èèyàn lọ wo ti àkọ́kọ́ (àwọn tó ń fúnni lówó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀), kí ló máa sọ?

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí o tó dá nǹkankan lé, lọ kí mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ìlú. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní Hausa, kí o sì rántí pé ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni ọ̀pọ̀ abúlé tó yí Àbújá ká. Gbagyi ni wọ́n, wọn kì í ṣe Hausa, ó sì máa ń dùn wọ́n bí àlejò bá da wọ́n pọ̀. Mú obìnrin kan dání tó máa bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní sọ tinú wọn níwájú ọkùnrin àlejò. Bi wọ́n pé: “Kí lẹ ti gbìyànjú tẹ́lẹ̀? Kí ló bà á jẹ́?” Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń so èso jù. Nígbà míì, wàá rí i pé kànga mẹ́ta ti wà níbẹ̀, pé ẹni tó máa tún wọn ṣe ni wọ́n ń wá. Wá ọ̀dọ́ méjì ní abúlé náà, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí o kọ́ wọn ní àtúnṣe, kí o sì fa àwọn irinṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ níwájú àwọn àgbà. Gba nọ́ńbà wọn, kí o sì máa pè wọ́n.

Má sì fi owó jíjẹ rẹ gbé iṣẹ́ náà ró. Owó oṣù àgùnbánirọ̀ ti kúrò ní ₦33,000, ó ti di ₦77,000, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìsìnrú ìlú bá parí ló dúró. Ohun tó bá ń ti àpò rẹ jáde á kú lọ́jọ́ náà.

Má fojú ọlọ́lá nìkan wò

Fọ́tò tí o bá mínísítà yà kì í sábà wáṣẹ́ fúnni. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ní kíláàsì ló máa ń pè ọ́ lọ́dún kẹrin pé àyè ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn, tàbí kó bá ọ ka ìwé ìtọrọ owó kí o tó fi ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ WhatsApp ètò máa ń di ibi “ẹ kú oríire” nìkan láàárín oṣù díẹ̀. Mú èèyàn márùn-ún nínú wọn, kí ẹ dá tiyín sílẹ̀, kí ẹ máa pàdé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí kálukú sọ ohun tó ń ṣe àti ibi tó ti há.

Má fo wọ́ọ̀dù rẹ kọjá

Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin Not Too Young To Run. Ọmọ ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ní ìpínlẹ̀ àti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin báyìí, ọmọ ọdún 35 sì lè du ipò ààrẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde nínú ètò adarí rò pé òfin yẹn ti parí iṣẹ́, wọ́n sì fojú sí òkè tente, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ní òpópónà tí wọ́n ń gbé.

Àbújá kò ní gómìnà, kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló ní: AMAC (Abuja Municipal Area Council), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, pẹ̀lú wọ́ọ̀dù 62 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan káńsẹ́lọ̀ kan. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ sin ìlú níbí ti lè bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá níbí sì ní àléébù kan: èèyàn á gbé Kubwa fún ọdún 15, káàdì ìdìbò rẹ̀ á ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì ní mọ̀ pé abẹ́ Bwari ni Kubwa wà. Gbé káàdì rẹ wá síbi tí o ń gbé, INEC ń ṣe é. Máa lọ sí ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò rẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ìdọ̀tí, tiransifọ́mà àti ọlọ́dẹ, ìjíròrò ibẹ̀ sì máa ń kọ́ni ní sùúrù tí kò sí ní gbọ̀ngàn Maitama.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé “èló ni wọ́n ń san?” nìkan lẹ ó máa bi ọmọ yín. Ẹ bi í pé àwọn wo ló ń bá ṣiṣẹ́, kí ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì parí.

Ó ku àwọn tó ń ṣètò. Ẹ̀yin náà ń ṣàṣìṣe bí ó bá jẹ́ pé iye ọ̀dọ́ tó wọlé àti iye ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ pín lẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó fún yín lówó. Ẹ yọ owó sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti pe àwọn ọ̀dọ́ náà lẹ́yìn ọdún kìíní àti ọdún kẹta, kí ẹ sì lọ wo iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe. Bí owó kò bá tó fún ìyẹn, ẹ dín iye àwọn tẹ́ ẹ máa gbà kù.