Ẹ má tíì lẹ dẹ́kà mọ́ táńkì yẹn o

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó bi mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ. Tẹ́ ẹ bá ń to táńkì ogun kékeré, èyí tí wọ́n ṣe bíi ti gidi, ẹ má lẹ dẹ́kà (àwòrán tàbí nọ́ńbà fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi omi yọ lára bébà) sórí ọ̀dà tí ò dán. Ọ̀dà táńkì máa ń jọ pé ó tẹ́jú, irọ́ ni, ó rí ṣákaṣàka, afẹ́fẹ́ á wá há sábẹ́ dẹ́kà, tó bá gbẹ tán ẹ̀ẹ́ rí i tó ń dán yinrin bí ìpẹ́ ẹja. T-34 mi kan báyìí, táńkì ogun àwọn Soviet, tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n 1/72 (ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ti gidi), kò gùn ju ìka àárín mi lọ, nọ́ńbà funfun ara ẹ̀ bà mí lọ́kàn jẹ́ gidi.

Ẹ kọ́kọ́ fi fánìṣì tó ń dán kun táńkì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ di ọjọ́ kejì (ta ló ń lé yín?). Ẹ ki dẹ́kà bọ omi díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ dúró títí táá fi máa yọ̀ fúnra ẹ̀ lórí bébà, ẹ má fipá fà á, kẹ́ ẹ wá rọra sún un sórí táńkì. Tó bá bọ́ sórí ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn kókó bí orí ìṣó tó yọ lára táńkì, ẹ kán oògùn tó ń rọ dẹ́kà sí i, á hun jọ bí awọ arúgbó, ẹ̀rù á bà yín, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá! Á tẹ́ pẹrẹsẹ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó máa fi fánìṣì tí ò dán bo gbogbo ẹ̀.