Ẹsẹ̀ Màmá Wú: Bí Mo Ṣe Wádìí Oògùn Wọn Lórí Fóònù

Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola ti wọ Èkó, màmá mi jí gbogbo ilé lóru pé ká fi omi gbígbóná tí wọ́n po iyọ̀ sí wẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló wọlé sórí fóònù wọn. Omi iyọ̀ ò rí Ebola ṣe, ó sì gbẹ̀mí àwọn kan tó mu ún. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọrùn ẹsẹ̀ màmá mi, tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wú. Ẹnì kan ti sọ ọ́ lórí WhatsApp pé bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wú, kíndìnrín ló bàjẹ́, kó da oògùn nù, kó wá ra àgbo òun. Màmá ti ń wá owó àgbo.

Ohun tí mo ṣe rèé. Ẹ mú páálí oògùn dání. Ẹ má tẹ "oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru" sí Google o, àwọn ọlọ́jà ló máa ya bò yín. Orúkọ ara páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀, létà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sábà máa ń jẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un. Èyí tó kéré lábẹ́ rẹ̀ ni oògùn gan-an. Ti màmá mi ni amlodipine. Ẹ fi MedlinePlus, ìkànnì ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, tàbí NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, kún un. Mo ka ibi tí wọ́n to wàhálà tí oògùn náà lè fà sí, mo bá ọrùn ẹsẹ̀ wíwú níbẹ̀.

Àgbo yẹn ńkọ́? Mo tẹ nọ́ńbà tó wà lára ike rẹ̀ sí Greenbook, ìwé orúkọ àwọn ọjà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. N ò rí i. Ká tiẹ̀ ní mo rí i, ìforúkọsílẹ̀ lásán nìyẹn, kò ní kó wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí: fóònù ò rí ẹsẹ̀ màmá mi. Àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín náà máa ń mú ẹsẹ̀ wú. Nítorí náà wọn ò fo oògùn lọ́jọ́ kankan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, 10 mg tí wọ́n ń lò, ohun tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kà láàárọ̀ àti lálẹ́ fọ́jọ́ mẹ́rin. Dókítà ka ìwé náà tán, wọ́n yẹ kíndìnrín wò, wọ́n dín oògùn kù sí 5 mg, wọ́n sì fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bàtà màmá tún gba ẹsẹ̀ wọn.

Àmọ́ bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan ò ṣeé gbé, tàbí tí àyà ń dùn ún tí kò lè mí dáadáa, ẹ má wá nǹkan kan lórí fóònù. Ilé ìwòsàn tààrà ni.