Ṣíbí, òkú bátìrì, àti wáyà ìpẹja àbúrò mi

Èmi kì í ṣe apẹja. Rédíò, fáànù, ṣájà àti ínfátà ni mò ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi nílùú Ìlọrin, lọ́nà Táíwò. Ẹja tí mo mọ̀ dáadáa ni èyí tó ti wọ inú ọbẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní British Columbia, lápá ìwọ̀ oòrùn Kánádà, ló fa ọ̀rọ̀ ẹja sí mi lọ́rùn. Ó ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan, ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ọkọ̀ náà dára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa, àmọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń gúnlẹ̀ sí èbúté kan náà ń gbé ẹja salmon bọ̀, òun a sì máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá ti kọjá níbí, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ wọn, ó pè mí lórí WhatsApp.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń pẹja níbí ní iná ló wà lára wáyà mi, pé òun ló ń lé ẹja sá."

"Iná báwo? Lójú omi?"

"Wọ́n ní kí n lọ fi mítà wo fọ́ọ̀tì iná ara wáyà downrigger mi. Ẹ̀yin ni mo rántí."

Mo ní kó gbé fóònù súnmọ́ ohun tó ń jẹ́ downrigger yẹn kí n rí i. Róòlù kan ni, wọ́n dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mọ́tò kékeré ló ń yí i. Wáyà stainless tín-ín-rín ni wọ́n ká sí i, wọ́n sì so bọ́ọ̀lù òjé tó wúwo mọ́ ẹnu wáyà náà. Bọ́ọ̀lù yìí ló ń fa ìwọ̀ wọ inú ibú lọ, nítorí pé salmon a máa lọ jókòó sísàlẹ̀ níbi tí ìwọ̀ lásán kò lè dé. Ọkọ̀ á máa rọra lọ, ìwọ̀ á máa tẹ̀ lé e nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n sọ fún un kì í ṣe àsọdùn. Bí irin méjì tí kò jọra bá wà pọ̀ nínú omi iyọ̀, bátìrì ni wọ́n ti dà. Bí Volta, ará Ítálì, ṣe ṣe bátìrì tirẹ̀ ní 1800 náà nìyẹn: síǹkì àti irin mìíràn, pẹ̀lú ohun tó rẹ sínú omi iyọ̀ láàárín wọn. Lára ọkọ̀ àbúrò mi, wáyà stainless ni pọ́sítíìfù. Ara ọkọ̀, pẹ̀lú ègé síǹkì tí wọ́n dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, ni négátíìfù. Síǹkì yẹn, ńṣe ni wọ́n fi í sílẹ̀ kí omi máa jẹ ẹ́, kó má baà jẹ ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ èyí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa tọ́ ẹni tó wà lójú omi sọ́nà lórí ohun tí mi ò tíì fọwọ́ ara mi ṣe. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì.

Mo pọn omi lítà mẹ́wàá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Iyọ̀ inú òkun a máa tó gíráàmù márùndínlógójì nínú lítà kan, nítorí náà mo wọn nǹkan bíi 350 gíráàmù iyọ̀ nínú ilé ìdáná, mo dà á sí i. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Ṣé òkun lẹ fẹ́ sè ni?" Mi ò dá a lóhùn.

Síǹkì kò wọ́n. Mo la òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, irú èyí tó tóbi yẹn, mo gbọn ìyẹ̀fun dúdú inú rẹ̀ dànù, mo fọ agolo rẹ̀: síǹkì ni agolo yẹn. Fún wáyà, mo mú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan tó ti wà lábẹ́ tábìlì mi tipẹ́. Mo ti méjèèjì bọ inú omi láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ẹnu pupa mítà lára wáyà, ẹnu dúdú lára síǹkì, kí n wo iye fọ́ọ̀tì tó máa sọ. 0.02. Mo tún un gbé. 0.02. Mo pààrọ̀ bátìrì inú mítà. Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, bóyá iyọ̀ kò tó." A tún da iyọ̀ sí i, kò yí padà. Ó tó ìdajì wákàtí kí n tó ronú gbé wáyà yẹn súnmọ́ gílóòbù, tí mo sì fi àbẹ fá ara rẹ̀. Ohun funfun kan ń já bọ́ lára rẹ̀. Síǹkì ni wọ́n fi kùn ún kó má baà dógùn-ún! Síǹkì ni mo ti bọ omi pẹ̀lú síǹkì láti ìgbà yẹn, kí ni wọ́n á wá bára wọn fà?

Mo wọlé lọ mú ṣíbí. Mo gbé ṣíbí stainless náà sínú omi, mítà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà: 0.91. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi pariwo.

Ó wá ku bí a ṣe máa kó o níjàánu. Àwọn apẹja ibẹ̀ ní nǹkan bíi 0.6 ni salmon fẹ́ràn, àpótí kan sì wà tí wọ́n ń tà tó ń di fọ́ọ̀tì wáyà mú síbi tí ẹ bá gbé e sí. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, àpótí á bù fún un láti inú bátìrì ọkọ̀. Tó bá ga jù, àpótí á gbé ẹrù lé e, ìyẹn ni pé á ṣí ọ̀nà fún iná díẹ̀ láti máa gbà kọjá, kó lè sọ̀ kalẹ̀. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ yìí kò béèrè bátìrì kankan. Mo yọ vólúùmù kan, èyí tí à ń yí kí ohùn lọ sókè tàbí sílẹ̀, lára òkú rédíò, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ṣíbí, mo jó èkejì mọ́ síǹkì. Bí mo ṣe ń yí i, 0.91 di 0.85, ó di 0.7. Kì í fò wálẹ̀ o, ńṣe ló ń rọra sọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tí èèyàn ń san fún un ni pé síǹkì á máa tètè jẹ tán.

(Kí ẹnikẹ́ni má ka èyí kó wá lọ ti wáyà iná ilé bọ odò o. Iná ilé jẹ́ 230 fọ́ọ̀tì. Ohun tí à ń sọ níbí kò tó fọ́ọ̀tì kan. Ikú ni ti ilé.)

Lọ́jọ́ Sátidé mo pe àbúrò mi. Mo ní kó pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ọkọ̀, kó yọ púlọ́ọ̀gì downrigger, kó wá sọ bọ́ọ̀lù sínú omi ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Rọ́bà ni wọ́n fi bo bọ́ọ̀lù tirẹ̀, èyí dára, òjé ò ní lè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó rí i pé wáyà ò fara kan ara ọkọ̀ níbikíbi, nítorí tó bá kàn án, òdo ni mítà máa sọ. Ẹnu dúdú sórí négátíìfù bátìrì, ẹnu pupa lára wáyà, mítà lórí DC.

"0.74, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dára. Tan àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti tan ọ̀kan, ka mítà fún mi."

Gílóòbù, 0.74. Ẹ̀rọ tó ń wo ìsàlẹ̀ omi, 0.74. Páǹpù, 0.74. Ó wá ti púlọ́ọ̀gì downrigger fúnra rẹ̀ bọ ihò, láìtíì tẹ mọ́tò rárá. Ó dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n... 1.31."

Mo ní kó yọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Kó tún tì í. 1.3 lé. Mo ní kó gbé kámẹ́rà sẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Háà! Àwọ̀ ewé ti bo bàbà inú rẹ̀, iyọ̀ sì ti gbẹ yí i ká bí èérún gààrí tó gan mọ́ ìdí ìkòkò. Iyọ̀ tó rin yẹn ni iná bátìrì ń gbà yọ́ kọjá sára róòlù, láti ibẹ̀ dé ara wáyà. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún un kò sọ fún un, bóyá òun náà kò mọ̀.

Ó gé e dànù, ó fi omi tí kò níyọ̀ fọ ìdí róòlù, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ó sì fi gíríìsì kùn ún. Nígbà tó tì í bọ ihò, 0.75. Ọjọ́ kejì ló ra irú vólúùmù tó lágbára ju ti rédíò lọ, ó so ó láàárín wáyà àti négátíìfù, ó sì yí i títí tó fi di 0.61.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi àwòrán salmon méjì ránṣẹ́. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò lè búra pé 0.61 ló pa wọ́n. Salmon ò ní ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ iná nínú omi. Ẹja àrọ̀ tiwa ló ní in: àwọn ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ máa ń gbọ́ iná tí ọwọ́ wa ò lè gbọ́ láé. Mo sọ fún àbúrò mi pé àrọ̀ inú odò Àsà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpótí yẹn fún. Ó ní bóyá ariwo 1.31 yẹn ló ń lé tiwọn sá ṣáá. Ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹja pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ àná, ó tún pè. Aládùúgbò rẹ̀ ní èbúté fẹ́ kí n ṣe irú vólúùmù yẹn fún òun náà, ó á sanwó. Mo ní kó kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì downrigger ti ọkùnrin náà, kó ya àwòrán inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.